Fájúyì Kì í Ṣe Ti Òru Ọjọ́ Kan Ṣoṣo

Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ̀ǹda àyè díẹ̀ fún mi nínú ìwé ìròyìn yín kí n sọ tinú mi lórí ọ̀rọ̀ Ọ̀gágun Adékúnlé Fájúyì.

Gbogbo wa la gbọ́ bó ṣe kú. Ní July 29, 1966, àwọn sójà tó dìtẹ̀ ká òun àti àlejò rẹ̀, Ọ̀gágun Aguiyi-Ironsi tó jẹ́ olórí ìjọba, mọ́ ilé ìjọba n'Ìbàdàn. Wọ́n gbé àwọn méjèèjì lọ sí ẹ̀bá Lálúpọn, wọ́n sì pa wọ́n síbẹ̀. Ẹni ogójì ọdún ni Fájúyì, kò sì tíì pé oṣù méje tó di gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn.

Bí July bá ti dé báyìí, àríyànjiyàn á bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan á ní ó kọ̀ láti fi àlejò rẹ̀ sílẹ̀ ló ṣe bá a kú. Àwọn mìíràn á ní rárá o, àwọn sójà yẹn ti ní in lọ́kàn láti pa òun náà nítorí ìfipágbàjọba ti January ọdún náà. Wọ́n á máa fà á títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Èmi ò bá wọn dá sí i. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀rọ̀ òru kan yìí ti gbé iṣẹ́ ọdún mẹ́tàlélógún mì. Ká tiẹ̀ ní Fájúyì ò sọ ohunkóhun lóru ọjọ́ náà, ṣé ó wá di ẹni yẹpẹrẹ nìyẹn?

Ọdún 1943 ló wọ iṣẹ́ sójà, láyé òyìnbó, láti ìsàlẹ̀ pátápátá. Ní 1951, nígbà tó jẹ́ sájẹ́ńtì, àwọn sójà ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ dìtẹ̀ nítorí oúnjẹ. Ipa tó kó láti pa iná ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n fi fún un ní British Empire Medal. Ẹni tó bá mọ bí ebi ṣe ń ṣe ẹni tó gbé ìbọn lọ́wọ́ á mọ̀ pé iṣẹ́ kékeré kọ́. Ní 1954, ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Eaton Hall nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì di ọ̀gá.

Ti Kóńgò ló wá ga jù. Ní 1960 tí a gba òmìnira náà ni àwọn sójà wa ti wà níbẹ̀ lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, nígbà tí Kàtáńgà ní òun ń yà kúrò. Fájúyì ló ń darí ọ̀wọ́ àwọn sójà ẹlẹ́sẹ̀ kan. Ní àríwá Kàtáńgà, àwọn ọ̀tá lúgọ de àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Ó kó wọn yọ nínú ìbọn. Ìyẹn ló gba Military Cross fún. Ẹni tó bá ń wá ẹ̀rí irú èèyàn tó jẹ́, Kàtáńgà ni kó wá a lọ, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀.

Mo bi ọmọ ọmọ mi kan, tó ti wà ní yunifásítì o, pé ta ni Fájúyì. Ó ní "Bàbá, ṣé kì í ṣe ọ̀nà tó wà n'Ìbàdàn yẹn ni?" Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò dùn mọ́ mi. Lóòótọ́, a fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ̀nà, a fi sọ gbọ̀ngán n'Ífẹ̀, a fi sọ páàkì l'Ádó-Èkìtì. Orúkọ lásán ló kù sẹ́nu.

Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ ogún ọdún ní Kóńgò nígbà náà ti lé lọ́gọ́rin báyìí. Àwọn tó kù ò pọ̀ mọ́. Mo bẹ àwọn ìjọba wa n'Ílẹ̀ Yorùbá, àti ẹ̀yin oníwèé ìròyìn pẹ̀lú, ẹ rán àwọn ọmọ tó mọ ìwé kọ lọ bá àwọn bàbá wọ̀nyí nílé, kí wọ́n gba ohùn wọn sílẹ̀, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ jáde fún àwọn iléèwé. Kí ẹ má dúró de July.

Èmi ni tiyín,
Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìbàdàn.