ERÉ ÀWÁRÍ: ẸNI TÍ KÒ LÈ YÁRA NI KÍ Ẹ BÁ RÌN

Eré kan wà tí ó ti gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó sì yẹ kí àwa ará ìgboro náà mọ bí a ti ń ṣe é, nítorí pé ìlera ń bẹ nínú rẹ̀. Geocaching ni wọ́n ń pè é. Eré àwárí ni èmi yóò máa pè é níhìn-ín.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Karùn-ún ọdún 2000 ni ìjọba Amẹ́ríkà mú ìdíwọ́ kúrò lára àmì tí àwọn sátẹ́láìtì wọn ń ta sílẹ̀ láti ojú sánmà, tí ó fi jẹ́ pé ẹ̀rọ kékeré tí ó wà lọ́wọ́ ènìyàn lè sọ ibi tí ó dúró sí, tí àṣìṣe rẹ̀ kò sì ju mítà díẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ kejì rẹ̀, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Dave Ulmer gbé garawa oníke kan pamọ́ sínú igbó nítòsí Beavercreek ní ìpínlẹ̀ Oregon, ó sì kéde nọ́ńbà tí ó ń tọ́ka ibẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé kí ẹni tí ó bá lè wá a wá a. Kò pé ọjọ́ mélòó kan tí wọ́n fi rí i. Lónìí, irú nǹkan ìpamọ́ bẹ́ẹ̀ ju mílíọ̀nù méjì lọ káàkiri àgbáyé.

Fóònù alágbèéká ti tó ẹ̀rọ fún eré náà. Ẹ ó fi nọ́ńbà ibẹ̀ sínú rẹ̀, yóò sì máa sọ iye mítà tí ó kù fún yín. Bí ó bá ku nǹkan bí mítà 10, ẹ fi fóònù sápò, kí ẹ máa fi ojú wá a, nítorí pé fóònù kò lè mú yín dé ìdí rẹ̀ gan-an. Ẹ ó bá ìwé kan nínú àpótí náà. Ẹ kọ orúkọ ẹgbẹ́ yín àti ọjọ́ sí i. Bí ọmọ yín bá mú nǹkan ìṣeré níbẹ̀, kí ó fi òmíràn tí iye rẹ̀ kò rẹlẹ̀ rọ́pò rẹ̀, kí ẹ sì dá àpótí padà sí ojú ibi tí ó wà. Ẹ má fi oúnjẹ sínú rẹ̀, ẹranko yóò gbọ́ òórùn rẹ̀ wá tú u ká. Bí kò bá sí irú àpótí bẹ́ẹ̀ nítòsí yín, ìdílé kan lè pa nǹkan mọ́ fún ìdílé kejì nínú ọgbà ìgbafẹ́ tàbí ọgbà ilé ìwé, bí ẹ bá ti gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ibẹ̀. Ike tí a lè rí inú rẹ̀ láti òde ni kí ẹ lò, kí ẹ sì kọ iṣẹ́ rẹ̀ sí i lára, kí àwọn tí ń kọjá má baà rò pé bọ́ǹbù ni.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó mú mi gbé ọ̀rọ̀ yìí wá gan-an ni bí wọ́n ti ń pín ẹgbẹ́. Àwọn kan a máa fi aago díje: ẹgbẹ́ tí ó bá kọ́kọ́ rí àpótí márùn-ún ni ó borí. Èmi kò fara mọ́ èyí fún àwọn ará ilé kan náà. Àwọn ọ̀dọ́ á ti sáré lọ, ìyá àgbà á kù sẹ́yìn, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Bàbá tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru á sì máa fi agídí tẹ̀ lé wọn kí wọ́n má baà ní ó ti darúgbó. Ẹni tí ìrìn náà ìbá ṣe ní àǹfààní jù lọ ni a ń pa lára yẹn! Òfin tí ó yẹ kí ẹ ṣe ni pé a kò ní ka àpótí kan sí rírí àfi ìgbà tí gbogbo ẹgbẹ́ bá ti fi ọwọ́ kàn án. Kí ẹni tí kò lè yára wà níwájú, kí géńdé kan wà lẹ́yìn pátápátá. Kí ẹnì kan mú fóònù, kí ẹlòmíràn máa ṣọ́ ọ̀nà fún un, nítorí pé ẹni tí ń wo fóònù kì í rí kòtò, kì í sì í rí ọkọ̀. Kí wọ́n máa gbà á fún ara wọn.

Ní ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí àgbàlagbà máa lo ara rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀, kí ọmọdé sì máa ṣe ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́. Ìrìn kíákíá tó fún èyí, ìyẹn ìrìn tí ènìyàn lè sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò lè kọrin. Bí àyà bá ń dun ẹnikẹ́ni tàbí tí òyì bá ń kọ́ ọ, kí gbogbo yín dúró. Kí ẹni tí ó ní ikọ́ fée mú oògùn tí ó ń fà sẹ́nu dání, kí ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ sì mú nǹkan dídùn díẹ̀ dání. Òwúrọ̀ ni ó dára jù láti jáde, kí oòrùn tó mú, kí olúkúlùkù sì gbé omi tirẹ̀.

Ẹlòmíràn yóò ní eré ọmọdé ni, pé kí ni àgbà ń wá ní ìdí koríko. Bẹ́ẹ̀ ẹni náà lè jókòó sídìí tẹlifíṣàn láti agogo mẹ́rin títí di agogo mẹ́wàá!

Bàtà tí ó bo ẹsẹ̀ ni kí ẹ wọ̀. Ẹ má ti ọwọ́ bọ ihò tàbí abẹ́ òkúta. Igi ni kí ẹ fi tú u wò. Bí ejò bá bu ènìyàn jẹ, ẹ má sín in ní gbẹ́rẹ́, ẹ má fi ẹnu fa oró rẹ̀, ẹ má sì fi okùn dì í pinpin. Kí ó má ṣe mi ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ náà, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Bí sèbé bá tu oró sí i lójú, omi mímọ́ púpọ̀ ni kí ẹ fi ṣan án, kí ẹ tó gbé e lọ.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Amẹ́ríkà, ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n yẹ ara àwọn ọmọ wò bí wọ́n bá ti inú koríko dé, pàápàá ẹ̀yìn orúnkún, abíyá àti ẹ̀yìn etí, nítorí eégbọn ibẹ̀ a máa kó àìsàn ran ènìyàn. Ẹ̀mú tín-ín-rín ni kí wọ́n fi mú un nítòsí awọ ara, kí wọ́n fà á jáde tààrà láìlọ́ ọ. Bí ibẹ̀ bá pọ́n, tí pípọ́n náà sì ń fẹ̀ sí i láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí wọ́n lọ rí dókítà.