Orúkọ Tí Ọjà Ń Jẹ́



Ní ọdún 1887, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin pé kí ọjà òkèèrè tó bá ní orúkọ tàbí àmì oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì lára máa jẹ́ orúkọ ilẹ̀ tó ti wá. Wọ́n fẹ́ fi dójú ti Jámánì, tí wọ́n ń pe ọjà rẹ̀ ní gbàrọgùdù. Jámánì tún iṣẹ́ ṣe. Orúkọ ìtìjú di orúkọ tí olùrà ń béèrè.

Bẹ́ẹ̀ ni ti Nàìjíríà yóò rí, bí ọjà wa bá dára. Àwa ńkọ́? Bí ẹnì kan nínú wa bá fi òṣùwọ̀n èké tajà ní ìdálẹ̀ níhìn-ín, “Yorùbá ni” ni wọn yóò wí. Àwọn ọmọ wa ni yóò jogún rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ òṣùwọ̀n wa.