Bí ilẹ̀ bá ń yọ́ lábẹ́ ilé, ta ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀?

Ní ìpínlẹ̀ Alaska, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ abúlé ni títì kò dé. Ẹni tó bá ń lọ síbẹ̀ á wọ bàálù kékeré, tàbí kó dúró dìgbà òtútù tí odò máa dì gbagidi, kó wá gun snowmobile, ìyẹn ọkọ̀ tí wọ́n ń gùn bí ọ̀kadà lórí yìnyín. Báyìí ni Kenji Yoshikawa, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Japan tó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Alaska nílùú Fairbanks, ṣe dé ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ abúlé. Kì í ṣe ẹnu lásán ló gbé lọ. Ó tún gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lu ihò sínú ilẹ̀.

Kí ló ń wá nínú ilẹ̀? Permafrost ni, ilẹ̀ tó dì fún ọdún méjì ó kéré tán láìyọ́. Òmíràn ti dì láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Ẹ fi wé ẹran inú fírísà: níwọ̀n ìgbà tó bá dì, kì í bàjẹ́. Kí iná wá lọ fọ́jọ́ mẹ́ta, gbogbo ilé ló máa gbọ́ òórùn ẹ̀. Bí ilẹ̀ náà bá yọ́, ewéko tó ti kú sínú ẹ̀ láti ayébáyé á máa jẹrà, á sì máa tú gáàsì tó ń mú ayé gbóná síta. Kábọ́ọ̀nù inú ilẹ̀ dídì apá àríwá ayé tó ìlọ́po méjì èyí tó wà nínú afẹ́fẹ́.

Ṣùgbọ́n ará abúlé kò ro ti gáàsì o. Ilé tó ń dagun àti etí odò tó ń ya lulẹ̀ ni wọ́n ń rí. Ọdún 1994 ni àwọn ará Newtok, tí wọ́n tó nǹkan bí 350, bẹ̀rẹ̀ sí í gbèrò àtikó. Ọdún 2019 làwọn àkọ́kọ́ tó dé Mertarvik, ibùdó tuntun wọn.

Ibi tí iṣẹ́ Yoshikawa ti wúlò nìyí. Ó ri ọ̀pá tó ní omi nínú mọ́lẹ̀ lọ́gbà ilé ẹ̀kọ́. Àwọn ọmọ á máa yọ ọ́ wò, wọ́n á rí ibi tí omi náà dì dé, wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún kò ní dúró de àlejò kó tó mọ̀ pé ilẹ̀ òun ń yí padà.

Òótọ́ ni pé ìmọ̀ kò kọ́ ilé tuntun. Owó ìjọba ló ń ṣèyẹn, ó sì máa ń pẹ́ kó tó dé. Àwọn ará Ayetoro ní Ìlàjẹ, tí òkun ti gba ilé lọ́wọ́ wọn, mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ abúlé tó ní àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ lè tètè ké gbàjarè, kí ilé tó wó. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.