Ẹ Ro Ti Ará Ìsàlẹ̀ Kí Ẹ Tó Da Kọnkéré

Olóòtú,

Bíríkìlà ni mí n'Íbàdàn. Ẹni tó kọ́lé sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, tó fẹ́ da kọnkéré sọ́nà tí mọ́tò rẹ̀ ń gbà wọlé, kó kọ́kọ́ wo ibi tí òjò máa gbà. Ilẹ̀ lásán ń mu omi díẹ̀. Kọnkéré kì í mu ún. Lọ́dún tó kọjá, omi ojúde ará òkè wa wó ògiri ilé ìdáná mi. Ó ní Ọlọ́run ló rọ̀jò. Ṣé Ọlọ́run ló da kọnkéré ni? Àwa tá a rí omíyalé Ògùnpa ní 1980 kì í fomi ṣeré. Ẹ la gọ́tà dábùú ìsàlẹ̀ ọ̀nà náà, kó gbé omi lọ sí gọ́tà títì. Ẹ má sì dán kọnkéré bíi díńgí. Ẹ fi ìgbálẹ̀ ha ojú rẹ̀ kó tó gbẹ, kí táyà má bàa yọ̀. Ará òkè wa kò tíì la tiẹ̀, òjò sì ti ń ṣú.

Èmi ni tiyín,
Bíríkìlà kan, Ìbàdàn.