Aṣọ ìlédìí ọmọ tuntun: ta ni yóò fọ̀ ọ́?

Ní ọjà Pọ́bẹ̀ àti ní ọjà Sákété, ìlédìí àlòsọnù kò ṣọ̀wọ́n mọ́. Ẹni tí kò lè ra odindi ìdì kan lè ra ẹyọ kan ṣoṣo, bí ẹni ń ra hóró ṣúgà. Ní ilé púpọ̀, ìyá tí ó bá fi aṣọ di ìdí ọmọ rẹ̀ ni àwọn ojúgbà rẹ̀ ń wò bí tálákà. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ìyá àgbà ìlú méjèèjì, àlòkù ìró ni a fi di ìdí wọn nígbà tí wọ́n wà ní ìkókó. Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà pàápàá, aṣọ òwú ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀; ọdún 1961 ni ilé-iṣẹ́ Procter & Gamble gbé Pampers jáde fún títà. Ohun tí kò tíì pé àádọ́rin ọdún kò yẹ kí ó sọ aṣọ di ohun ìtìjú.

Kí òbí tó pinnu, ó dára kí ó mú bírò àti ìwé. Ọmọ tuntun a máa tọ̀, a sì máa yàgbẹ́ nígbà púpọ̀. Ìlédìí 8 lójúmọ́ kò pọ̀ jù fún un. Mẹ́jọ lọ́nà ọgbọ̀n jẹ́ 240 ní oṣù kan. Bí ẹyọ kan bá jẹ́ 100 fáránkì, 24.000 fáránkì ni yóò bá a lọ lóṣù. Ẹni tí ó bá rí iye mìíràn lọ́jà, kí ó fi iye náà rọ́pò 100, kí ó sì tún ìṣirò náà ṣe. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin fi lélẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Benin jẹ́ 52.000 fáránkì. Ó ku díẹ̀ kí ìdí ọmọ kan gba ìdajì rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àgbẹ̀ àti ìyá tí ń ta gàrí kò ní owó oṣù kankan. Nítorí owó yìí ni ìyá mìíràn fi ń fi ẹyọ kan sílẹ̀ ní ìdí ọmọ láti òwúrọ̀ di ọ̀sán, tí ìdí ọmọ á sì bó. Aṣọ tí a ń pààrọ̀ déédéé sàn fún ọmọ ju ìlédìí olówó ńlá tí a kò fẹ́ bọ́ lọ.

Kí a tó bímọ ni a ti ń pèsè aṣọ náà sílẹ̀. Ogún sí mẹ́rìnlélógún tó fún ẹni tí yóò máa fọṣọ lójoojúmọ́ tàbí ní ọjọ́ méjì méjì. Àlòkù ìró òwú ni ó dára jù lọ, nítorí pé ó ti rọ̀, ó sì ń fa omi. Bí a bá da omi díẹ̀ sórí aṣọ kan, tí omi náà sì ń yọ̀ kúrò lórí rẹ̀, ìyẹn kì í ṣe aṣọ ìlédìí, bó ti wù kí ó lẹ́wà tó. Aṣọ tuntun nílò fífọ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó lè fa omi dáadáa. Nígbà tí ìwọ́ ọmọ kò bá tíì já, ìsàlẹ̀ ìdodo ni a ń di aṣọ náà sí, kí ìtọ̀ má baà rin ìwọ́. Kò yẹ kí a fi ọ̀rá wé e lórí: ooru inú ọ̀rá a máa bó ara ọmọ.

Ìgbẹ́ ọmọ ọwọ́ kì í rùn bí ti àgbà, ìyẹn sì ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Àrùn lè wà nínú rẹ̀ bí ó ti lè wà nínú ti àgbà. Inú ṣáláńgá ni ibi tí ó yẹ ẹ́, kì í ṣe ẹ̀yìnkùlé. Garawa tí a ń rẹ aṣọ náà sí gbọ́dọ̀ ní ìdérí, nítorí omi díẹ̀ tó láti pa ọmọdé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Ní ti ọṣẹ, Pọ́bẹ̀ kọ́ ni ìlú tí yóò máa wá a kiri: ilẹ̀ ọ̀pẹ ni, ibẹ̀ ni ibùdó ìwádìí nípa ọ̀pẹ wà láti ọdún 1922. Ohun tí ó ṣòro ni ṣíṣàn án títí omi yóò fi mọ́, nítorí ọṣẹ tàbí omi Javel tí ó bá kù sínú aṣọ a máa ta ọmọ lára.

Ìgbà òjò ni ó ń dán ìyá ọlọ́mọ wò, nígbà tí aṣọ kì í fẹ́ gbẹ. Eṣinṣin kan wà tí ń yé ẹyin sára aṣọ tútù tí a sá sí ibòji tàbí sórí ilẹ̀; ìdin rẹ̀ a wọ inú awọ ara, a sì wú bí eéwo. Àwọn tí ń sọ Faransé ń pè é ní ver de Cayor. Áyọ́ọ̀nù gbígbóná, ní ojú àti ẹ̀yìn aṣọ, ni ó ń pa ẹyin náà. Ẹni tí ó bá ń fọ aṣọ ìlédìí ní Pọ́bẹ̀ láìlọ̀ ọ́, ìdajì iṣẹ́ ni ó ṣe.

Níbi ìfipamọ́ aṣọ ni ewu tí ó burú jù lọ wà, òun sì ni a kì í sábà sọ. Ọ̀pọ̀ ìdílé a máa kó aṣọ sínú àpótí pẹ̀lú hóró funfun olóòórùn tí a ń pè ní káńfọ̀, kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Naphtaline ni orúkọ rẹ̀ ní èdè Faransé. Àwọn ọmọ kan wà tí ẹ̀jẹ̀ wọn ṣaláìní ohun kan tí ó yẹ kí ó máa dáàbò bò ó. G6PD ni àwọn oníṣègùn ń pe ohun náà. Kì í ṣe ohun tí ó ṣọ̀wọ́n: láàrin àwọn Yorùbá, ó tó bí ọmọkùnrin 1 nínú 5 tí ó rí bẹ́ẹ̀, a kò sì lè fi ojú lásán mọ̀ ọ́n. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ń mí òórùn káńfọ̀, tàbí tí awọ ara rẹ̀ bá fà á láti inú aṣọ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Ẹyinjú rẹ̀ àti ara rẹ̀ yóò pọ́n bí ìyeyè. Bí ó bá dé ọpọlọ, ọmọ náà lè kú. Bí kò bá kú, ó lè di adití tàbí arọ. Àwọn ẹbí yóò máa wá ẹni tí ó ṣe é, nígbà tí káńfọ̀ ṣì wà nínú àpótí. Nítorí náà, ìró tí ìyá àgbà bá mú jáde láti inú àpótí, bí òórùn káńfọ̀ bá ṣì wà lára rẹ̀ lẹ́yìn fífọ̀ àti sísá, kò gbọ́dọ̀ kan ọmọ. Ọmọ tí ojú rẹ̀ bá sì ti pọ́n, ilé ìwòsàn ni a ń gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Gbígbé e sí oòrùn kò tó.

Àwọn tí ń yin aṣọ ìlédìí kì í sábà jẹ́ àwọn tí ń fọ̀ ọ́. Bí ó bá jẹ́ ìyá tí ara rẹ̀ kò tíì le lẹ́yìn ìbímọ ni yóò pọnmi, tàbí ọmọdébìnrin tí a dá dúró nílé ẹ̀kọ́, a jẹ́ pé ara ẹlòmíràn ni a ti yọ owó tí baba rò pé òun fi pamọ́. Baba tí kò ná 24.000 fáránkì mọ́ lè san owó omi, ó lè ra èédú áyọ́ọ̀nù, ó sì lè fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀. Ọkùnrin tí ń fọ alùpùpù rẹ̀ láràárọ̀ kò lè sọ pé òun kò mọ nǹkan fọ̀. Ilé tí kò bá lè pín iṣẹ́ náà, kí ó má tan ara rẹ̀ jẹ pé aṣọ kò gba owó.

Kò sí ẹ̀bi nínú ìlédìí àlòsọnù kan fún ìrìn-àjò sí Àjàṣẹ́. Ṣùgbọ́n ike wà nínú rẹ̀, kì í jẹrà kíákíá, a sì ń rí i lẹ́bàá ọ̀nà àti nínú ṣáláńgá tí ó ti kún. Òfin oṣù Kejìlá ọdún 2017 ti ka àpò ọ̀rá tí kì í jẹrà léèwọ̀ ní Benin. Ìlédìí kò sí nínú rẹ̀, ọwọ́ ìdílé ni ìpinnu tirẹ̀ wà. Ọjọ́ ìkómọ jẹ́ àkókò tí ó dára láti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹbí tí ń gbé ìdì ìlédìí wá lè gbé ìró òwú méjì, ọṣẹ, àti garawa onídèérí kan wá dípò rẹ̀. Àbúrò ọmọ náà yóò tún lò wọ́n.