Ojú Lalákàn Fi Ń Ṣọ́rí: Ta Ní Ń Ṣọ́ Ẹni Tó Ń Tòògbé Nínú Yàrá Iṣẹ́ Abẹ?

Bí wọ́n bá ní bàbá àgbà kan ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, nílùú Ìbàdàn, yóò ṣe iṣẹ́ abẹ ìpá, iye owó ni àwọn ọmọ rẹ̀ yóò kọ́kọ́ bèèrè. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò bèèrè ọjọ́ tí yóò padà sílé. Ìbéèrè kẹta ni a kì í sábà gbọ́: ta ni yóò máa ṣọ́ èémí bàbá nígbà tí ọ̀bẹ bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́?

Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ni wọ́n sábà máa ń lò fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìsàlẹ̀ ara yóò kú tipiri, ṣùgbọ́n ojú aláìsàn yóò là kedere. Nítorí kí ẹ̀rù má baà bà á, wọ́n lè fún un ní oògùn tí yóò mú un tòògbé. Ibí yìí ni ewu wà. Ìwọ̀n tó kàn mú ọ̀dọ́ rẹjú lásán lè dá èémí àgbàlagbà dúró. Àwọn àgbà kò ṣàdédé pe oorun ní àbúrò ikú.

Lọ́dún 1974, dókítà Michael Ramsay àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé òdiwọ̀n oorun onípele 6 jáde. Ìpele kìíní ni ti ẹni tí ara rẹ̀ kò balẹ̀. Ìkẹfà ni ti ẹni tí a pè, tí a fọwọ́ kàn, tí kò mira rárá. Òdiwọ̀n yìí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ohùn àti ọwọ́ ló gbà. Lọ́dún yẹn kan náà ni Takuo Aoyagi, ọmọ ilẹ̀ Japan, gbé ìmọ̀ ẹ̀rọ pulse oximeter kalẹ̀, èyí tí a ń há mọ́ ọmọ ìka láti mọ bí ọ́síjìn ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀.

Ẹ̀rọ náà wúlò púpọ̀, ṣùgbọ́n kò tó. Bí aláìsàn bá ń fa ọ́síjìn, ó lè ti dákẹ́ mímí fún ìgbà díẹ̀ kí nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀. Ìwádìí kan láti Michigan, ní Amẹ́ríkà, tó jáde lọ́dún 2020, tún fi hàn pé nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ka 92 sí 96, ọ́síjìn ti lọ sílẹ̀ jù lára nǹkan bí 12 nínú 100 aláwọ̀ dúdú, nígbà tí ti aláwọ̀ funfun kò ju bíi 4 lọ. Àwa aláwọ̀ dúdú ni ọ̀rọ̀ náà kàn gbọ̀ngbọ̀n.

Èrò tèmi ni pé ẹni tó ń gé kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ń ṣọ́. Kí ẹnìkan dúró síbi orí aláìsàn, kó máa pè é, kó máa wo àyà rẹ̀ bó ṣe ń lọ sókè sódò, kó má sì níṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́. Àwọn kan yóò sọ pé òṣìṣẹ́ kò tó, pé àwọn dókítà ti japa. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ẹni tí yóò ṣọ́ ọ, ẹ má kùn ún lóorun. Ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú, kí ẹ máa bá a sọ̀rọ̀. Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ti pa ìrora.

Kí ìjọba pèsè capnograph, ẹ̀rọ tó ń ka èémí gan-an, sí àwọn ilé ìwòsàn ìpínlẹ̀. Kí àwa ẹbí náà sì fi ọ̀wọ̀ bèèrè ìbéèrè kẹta yẹn kí a tó fọwọ́ sí ìwé.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹni tó sùn kò ní ojú tí yóò fi ṣọ́ tirẹ̀. Ẹlòmíràn ló gbọdọ̀ là á sílẹ̀ fún un.