Wọ́n Gba Idán Lọ́wọ́ Onídán

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ eré Morrowind, tó jáde kúrò ní Seyda Neen tó sì forí lé ọ̀nà Balmora, kò ní í rìn jìnnà tí yóò fi gbọ́ igbe lókè orí. Ọkùnrin kan á já wálẹ̀ láti ojú sánmọ̀, á balẹ̀ gbì, á kú. Tarhiel lorúkọ rẹ̀. Ìwé idán mẹ́ta tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ṣì wà lára òkú rẹ̀. Bí ẹni tó ń ṣeré bá ka ọ̀kan nínú wọn tó sì fò, yóò ré kọjá òrùlé àti òkè, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú àáyá 7 péré ni agbára ìwé náà fi ń ṣiṣẹ́. Yóò ti tán kó tó balẹ̀. Ẹni tí kò ronú yóò kú ikú Tarhiel. Ẹni tó ronú á ka ìwé kejì kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kanlẹ̀, torí agbára tó gbé e fò náà ni kì í jẹ́ kí ìbalẹ̀ pa á.

Eré náà kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní ọgbọ́n yìí. Ó fi irinṣẹ́ sílẹ̀, ó sì jẹ́ kí kálukú fi làákàyè ara rẹ̀ lò ó. Irú àyè bẹ́ẹ̀ ló ti ń fún mọ́ onídán nínú àwọn eré The Elder Scrolls, tí Morrowind jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, láti ọdún gbọọrọ wá. Àwọn tó ń ráhùn lórí ọ̀rọ̀ yìí máa ń ka iye idán tó ti pòórá. Inú iye kọ́ ni ẹjọ́ wà. Irú idán tí Bethesda, iléeṣẹ́ tó ń ṣe àwọn eré náà, ń yọ ló yẹ ní wíwò: èyí tó ń yí ayé eré náà padà ni wọ́n ń mú kúrò lọ́wọ́ onídán, èyí tó ń ṣe ọ̀tá léṣe ni wọ́n ń fi sílẹ̀ fún un. Bí ọ̀rọ̀ bá wá rí bẹ́ẹ̀, kí ló kù tí onídán fi yàtọ̀ sí tafàtafà?

Yíyọ náà kò bẹ̀rẹ̀ lánàá. Nínú Arena, tó jáde ní 1994, idán kan wà tó ń jẹ́ Passwall. Onídán tí ọ̀nà dí mọ́ lójú nínú ihò ilẹ̀ lè fi yọ ògiri tó wà níwájú rẹ̀ kúrò, kó sì gba ibẹ̀ kọjá. Ó ṣeé ṣe nítorí pé àpótí ọgbọọgba tí wọ́n tò síra wọn ni wọ́n fi kọ́ àwọn ihò Arena. Yíyọ ọ̀kan kò da ìyókù rú. Nígbà tí Daggerfall dé ní 1996, pẹ̀lú ihò tó lọ́ sókè sódò, Passwall kò bá a dé. Ohun tó wá di àṣà nìyẹn: bí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ́ ayé eré bá ti yí padà, idán tí kò bá ọ̀nà tuntun náà mu ló ń kọ́kọ́ lọ.

Síbẹ̀, ní 2002, Morrowind ṣì bọ̀wọ̀ fún onídán. Nínú ilé gogoro àwọn onídán Telvanni, tó hù bí olú ńlá, ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ni kò ní àtẹ̀gùn. Ihò tó lọ sókè gbọnrangandan ló wà níbẹ̀. Ẹni tí kò bá lè léfòó nínú afẹ́fẹ́, ìsàlẹ̀ ni yóò dúró sí, àwọn àgbà onídán tó wà lókè kò sì ní bẹ̀ ẹ́ kó gòkè wá. Idán Mark wà láti sàmì sí ibi kan, Recall á sì gbé onídán padà síbẹ̀ láti ibikíbi, bí egbé ṣe ń gbé ọdẹ nínú ìtàn. Lock wà láti ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó ń léni bọ̀.

Èyí tó tún ju gbogbo wọn lọ ni àǹfààní láti ṣe idán tuntun. Onídán á lọ bá ẹni tó ń ta iṣẹ́ náà, á yan ohun tó fẹ́ kí idán rẹ̀ ṣe, bí yóò ṣe lágbára tó, bí yóò ṣe pẹ́ tó àti bí yóò ṣe gbòòrò tó, á sanwó, á sì sọ ọ́ ní orúkọ tó wù ú. Ẹni tó fẹ́ jalè lóru lè po ìríran òru, àféèrí àti ìṣílẹ̀kùn mọ́ idán kan ṣoṣo. Ẹni tí owó tàbí agbára rẹ̀ kò tó á dín ìṣẹ́jú kù títí yóò fi ká a. Níbi ìṣirò yìí ni ẹni tó ń ṣeré ti ń di onídán ní tòótọ́, nítorí pé ìmọ̀ tirẹ̀ ló fi ń ṣiṣẹ́.

Àmì ohun tó ń bọ̀ ti hàn lọ́dún 2002 yẹn náà. Nínú Tribunal, àfikún Morrowind, fífò léèwọ̀ ní ìlú Mournhold. Nígbà tí Oblivion jáde ní 2006, èèwọ̀ náà ti kan gbogbo ilẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò farasin: wọ́n ti kó àwọn ìlú ńlá sẹ́yìn ẹnubodè, ìlú kọ̀ọ̀kan sì wà ní àyè tirẹ̀ tí ẹ̀rọ ń ṣí lọ́tọ̀. Ẹni tó bá fò kọjá odi láti ìta kò ní bá ìlú tòótọ́ níbẹ̀. Ìtàn ayé eré náà wá ní òfin kan, Levitation Act, tó fi fífò sí ẹ̀ka ìwà ọ̀daràn. Mark àti Recall lọ, nítorí pé ẹnikẹ́ni lè tẹ ìlú tó ti dé rí lórí máàpù kó sì bá ara rẹ̀ níbẹ̀, ìbáà jẹ́ jagunjagun tí kò mọ idán kankan. Lock náà lọ.

Òtítọ́ gbọ́dọ̀ jáde: Oblivion tún àwọn nǹkan kan ṣe. Nínú Morrowind, onídán lè nawọ́ kí idán kọ̀ láti jẹ́, agbára rẹ̀ kì í sì í padà àfi tó bá sùn tàbí tó bá mu oògùn. Oblivion mú ìyà yẹn kúrò, ó sì jẹ́ kí ẹni tó mú idà lọ́wọ́ lè pa idán láì fi idà sílẹ̀. Ṣíṣe idán tuntun ṣì wà, ṣùgbọ́n Arcane University ni pẹpẹ rẹ̀ wà, ẹni tó bá fẹ́ wọbẹ̀ sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jíṣẹ́ fún ẹ̀ka ẹgbẹ́ onídán ní ìlú 7 kí wọ́n tó kọ̀wé fún un. Iyì wà nínú ìyẹn.

Skyrim ló wá gbá ilẹ̀ mọ́ ní 2011. Ẹ̀ka idán Mysticism di àwátì. Wọ́n pín díẹ̀ nínú ohun ìní rẹ̀ fún àwọn ẹ̀ka yòókù. Àbùdá mẹ́jọ tó wà tẹ́lẹ̀, bí òye, ìyára àti oríire, ni wọ́n parẹ́, gbogbo idán tó ń fi kún wọn tàbí tó ń dín wọn kù sì pàdánù ibi ìdúró. Ìṣílẹ̀kùn lọ, rírìn lórí omi lọ, ṣíṣe idán tuntun náà lọ. Ìwé ni onídán ń rà báyìí, ohun tí wọ́n bá kọ sínú ìwé ni yóò sì máa ṣe títí ayé. Firebolt ń ṣe ọ̀tá léṣe ní 25 lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Lọ́wọ́ ọ̀gá tí ìmọ̀ rẹ̀ ti dé 100, 25 náà ni, àfi ìdá díẹ̀ tí àǹfààní àkànṣe ń bù sí i. Ohun tí ìmọ̀ ń ṣe ni pé ó ń dín iye agbára tí idán náà ń gbà kù. Lẹ́sẹ̀ kan náà, ẹni tó mú idà ń le sí i bí ìmọ̀ rẹ̀ ṣe ń pọ̀, ó sì tún ń pọ́n idà náà ní ilé alágbẹ̀dẹ.

Wo Clairvoyance, ọ̀kan nínú àwọn idán tuntun tí Skyrim mú wá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó fa ìlà sílẹ̀ láti fi ọ̀nà iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ han onídán. Ọfà tó wà lókè ojú ìwòran sì ti ń tọ́ka sí ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Wo College of Winterhold náà, ilé ẹ̀kọ́ àwọn onídán. Faralda, onídán kan níbẹ̀, á dá àlejò dúró níwájú afárá, á ní kó pa idán kan ṣoṣo kó tó wọlé. Ẹni tó bá ṣe ìyẹn lè fi idà ja gbogbo ìyókù, kó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má pa idán mìíràn, títí tí wọn yóò fi fi í joyè Arch-Mage. Ní Morrowind, ẹgbẹ́ onídán kì í gbé ẹnikẹ́ni ga bí ìmọ̀ idán rẹ̀ kò bá tó ipò náà.

A lè rí ẹni tó máa sọ pé ìyanu ṣì pọ̀ ní Skyrim. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ ta ló wà? Ẹni tó bá kígbe Become Ethereal lè bẹ́ láti orí òkè kó má fara pa. Slow Time ń fa àkókò sẹ́yìn, Clear Skies ń tú ìkùukùu ká. Igbe dírágónì ni gbogbo wọn, wọn kì í gba agbára idán rárá, akọni tí kò kàwé idán kankan rí sì ní wọn bí onídán ṣe ní wọn. Nínú àfikún Dragonborn ti 2012, ilé gogoro Telvanni tún padà wá, Tel Mithryn lorúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá wọbẹ̀ á dúró sójú kan, afẹ́fẹ́ á sì gbé e gòkè. Ilé ló wá ń pa idán. Ẹni tó ń ṣeré di ẹrù.

Àwíjàre tó lágbára jù ni pé ṣíṣe idán, ìbáà jẹ́ sára aṣọ, ń ba eré jẹ́. Lóòótọ́, ní Oblivion, ẹni tó bá kó àféèrí Chameleon jọ sára aṣọ títí ó fi pé ìdá ọgọ́rùn-ún, ojú ọ̀tá kankan kò ní tó o mọ́. Àwọn tó ṣe Skyrim náà sì ka ṣíṣe idán sí iṣẹ́ akọ̀wé owó, èyí tó ń pa ìyanu idán. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ìbàjẹ́ tí wọ́n ń sá fún kò kúrò ní Skyrim. Ọ̀gá nínú Enchanting, iṣẹ́ fífi idán sára nǹkan, lè fi ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún dín iye agbára tí idán Destruction ń gbà lára fìlà, aṣọ, òrùka àti ẹ̀gbà ọrùn. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé 100, idán di ọ̀fẹ́, onídán ń da iná síta láìdúró. Ìṣirò akọ̀wé náà ṣì wà níbẹ̀. Ọgbọ́n inú rẹ̀ ni wọ́n yọ.

Wọ́n tún lè ní ọjà ti dáhùn, torí Skyrim ti tà ju mílíọ̀nù 60 lọ. Kò sí ẹni tó lè jiyàn pé iná, yìnyín àti mànàmáná rẹ̀ dùn ún wò, àti pé mímú idán sí ọwọ́ méjèèjì dáa. Síbẹ̀, ọjà kò sọ pé àìsí idán ṣíṣe ló mú kí àwọn èèyàn rà á. Nígbà tí Oblivion Remastered jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2025, pẹpẹ ìṣe-idán wà ní ipò rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ tí kò bá eré ti àkọ́kọ́ náà sì lè lò ó.

Ọdún 2018 ni Bethesda ti kéde The Elder Scrolls VI, àwọn èèyàn ṣì ń retí rẹ̀. Kò di dandan kí gbogbo ohun àtijọ́ padà. Ohun mẹ́ta ló tó. Kí ṣíṣe idán padà, kí ìmọ̀ onídán sì jẹ́ òṣùwọ̀n ohun tó lè ṣe. Kí ẹgbẹ́ onídán dán ọmọ ẹgbẹ́ wò nínú idán kó tó fi í joyè. Kí wọ́n sì kọ́ àwọn ìlú àti ihò tí onídán lè gba ọ̀nà tí ayàwòrán ilé kò rò tẹ́lẹ̀ wọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò ná wọn ní àsìkò sí i. Ẹ̀kẹta yìí ló ṣòro jù, òun náà ló sì ṣe pàtàkì jù, nítorí iléeṣẹ́ tí kò bá fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ya òun lẹ́nu nínú ayé tó dá sílẹ̀, kò yẹ kó máa ta idán fún un.